Kí A Tó Gbẹ́ Ẹyẹ, Ẹ Jẹ́ Ká Wò Ó Ná

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Mowe, ní Ibafo àti ní Ifo, ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́ ni ètò ẹ̀kọ́ wa dá lé lónìí, pàápàá jù lọ fífi igi gbẹ́ ẹranko àti ẹyẹ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ ère, ọwọ́ àwọn kan á ti máa lọ síbi tí wọ́n ti ń yí rédíò. Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ òrìṣà yóò wọ̀ ọ́ díẹ̀, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè pa ìtàn iṣẹ́ yìí láìdé ibẹ̀, àmọ́ ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò ní ojúbọ nínú. Ẹgbẹ́ kékeré ni mo ní kí ẹ dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ ọjọ́ Sátidé, níbi tí ọmọdé àti àgbà yóò ti máa fi igi gbẹ́ ẹranko tí wọ́n fi ojú ara wọn rí.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Ẹ wo òpó géètì àwọn ilé tuntun tó ń yọ lójoojúmọ́ láàárín Ibafo sí Mowe. Kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì á jókòó lé e, wọ́n á ti kùn wọ́n ní àwọ̀ wúrà, wọ́n á ya ẹnu sílẹ̀ sí ẹni tó ń bọ̀. Bí kì í bá ṣe kìnnìún, á jẹ́ idì tó na apá. Mo fẹ́ràn láti máa wo àwọn kìnnìún wọ̀nyí. Òmíràn rí bí ajá tí ebi ń pa, òmíràn sì ní ojú bàbá onílé gan-an. Ẹni tó ṣe wọ́n kò jẹ̀bi ohunkóhun, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Mọ́ọ̀dù ló fi ń dà á, ẹni tó sì gbẹ́ mọ́ọ̀dù náà lè má rí kìnnìún rí láyé rẹ̀, nítorí kìnnìún kò sí nínú igbó tó yí wa ká. Ère tí a wo ère mìíràn ṣe, tí ìyẹn náà sì ti inú àwòrán wá, ńṣe ni yóò máa jìnnà sí ẹranko náà lọ, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sétí ara wọn láti ẹnì kan dé ẹnì kejì.

Ẹ jẹ́ ká fi erin ṣe àpẹẹrẹ. Erin wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn títí di òní olónìí. Inú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Omo ló wà, ní apá Ìjẹ̀bú, igbó tí UNESCO ti kọ mọ́ àwọn ibi tí ó yẹ kí aráyé dáàbò bò láti ọdún 1977. Erin igbó ni wọ́n. Wọ́n kéré sí erin ọ̀dàn tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù, etí wọn rí roboto jù, eyín wọn sì nà gbọọrọ sísàlẹ̀, kò ká sókè bíi ti àwọn ìyẹn. Lọ́dún 2021, àjọ IUCN, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun lágbàáyé, ya erin igbó sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn nínú ìwé wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsọ̀rí àwọn tó wà nínú ewu tó ga jù. Ẹ wá lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ère fún àlejò l'Ékòó. Erin kún ibẹ̀, àmọ́ eyín kíká, ọwọ́ ìjà nínà sókè, etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: erin ọ̀dàn ni. Erin tiwa, tó ń jẹ ewé lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú, ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn baba wa mọ ẹranko dáadáa. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ìlú Ulm, ní Jámánì, tó ti wà lọ́wọ́ oníṣòwò ará ibẹ̀ kan, Christoph Weickmann, kó tó di ọdún 1659. Láti Allada ló ti lọ, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Benin lónìí. Ẹranko àti ohun èlò lóríṣiríṣi ni wọ́n gbẹ́ kún ara rẹ̀. Ó wà lára iṣẹ́ igi tó pẹ́ jù lọ tó ṣẹ́ kù láti apá ọ̀dọ̀ wa, ìdí tí ó sì fi ṣẹ́ kù kò ju pé ó kúrò níbi tí ikán wà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rò ó: òkun àti òtútù Jámánì ló gba ọpọ́n náà lọ́wọ́ ikán.

Eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí wọ́n máa ń gbé ère sórí jó, sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá kúrò ní Ifo, tó gba Papalanto, tó dorí kọ Ìlaròó, ó ti ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ nìyẹn. Gbogbo Yewa ló ní in, títí dé Ìmẹ̀kọ, títí kọjá ibodè dé Kétu. UNESCO kéde rẹ̀ lọ́dún 2001 pé ó jẹ́ ogún fún gbogbo ayé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún náà lọ́dún 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹni tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á rántí pé ojú tó wà nísàlẹ̀ ère náà máa ń tutù, ó máa ń jẹ́ ojú ọmọlúàbí tí nǹkan kan kò dà láàmú. Òkè orí ni ìjà wà. Ẹyẹ á máa bá ejò jà níbẹ̀, tàbí kí ejò ká yí orí ka, kí ó gbé orí tirẹ̀ sókè gangan. Àwọn ẹranko wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń sọ: ta ló ń fi agbára jẹ ẹni tí kò tó o, ta ló gbójú lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá bá wí á mọ̀, kò sì ní lè pe agbẹ́gilére lẹ́jọ́.

Ní Ìmẹ̀kọ yẹn kan náà, ọ̀gá agbẹ́gilére kan wà tó ń jẹ́ Duga. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, William Bascom, gbé ìlú náà lọ́dún 1950 sí 1951, ó jókòó ti Duga, ó ń wò ó bó ṣe ń gbẹ́ igi, ó sì ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1973 ni àkọsílẹ̀ náà jáde nínú ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa mọ̀ pé inú ìpínlẹ̀ Ògùn yìí gan-an ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, ní àdúgbò Itoko, agboolé Adugbologe ti ń gbẹ́ igi láti ìran dé ìran. Lára iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n ni ère orí eégún tó ní etí gígùn méjì tó dúró ṣánṣán. Àwọn tó ti ṣèwádìí rẹ̀ ka etí náà sí ti ehoro, ẹranko tó máa ń jẹ̀ lóru. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan etí yẹn ti wo ehoro rí, ó ti rí i bó ṣe ń na etí nígbà tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú òkùnkùn.

Àbí kí ni àwọn àgbà tiẹ̀ ń wá lára ère? Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà mìíràn, béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ àwọn Yorùbá ní ìgbèríko ní àwọn ọdún 1960. Ó gbé ère sílẹ̀ níwájú wọn, ó ní kí wọ́n dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí ère jọ ohun tí a fi ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Wọ́n ní kí gbogbo ibi tí ọ̀bẹ gbà hàn kedere, kí ara rẹ̀ dán, kí ó dúró ṣánṣán, kí apá ọ̀tún àti òsì bá ara wọn mu. Ìdájọ́ kìíní yẹn ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fi bojú. Wọ́n á gbẹ́ ẹyẹ tí kò jọ ẹyẹ, wọ́n á ní àṣà Yorùbá ni. Rárá o. Ẹni tó fẹ́ yọ díẹ̀ kúrò nínú ìrísí ẹranko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìrísí náà délẹ̀délẹ̀. Agbẹ́gilére ayé àtijọ́ ń gbé láàárín ọdẹ. Òun fúnra rẹ̀ ní oko. Ó ti yẹ ìyẹ́ àwòdì wò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ti bọ́ awọ òòrẹ̀. Nígbà tó bá fi ìlà mẹ́ta péré ṣe ìyẹ́, ó mọ ohun tí òun fi sílẹ̀. Ọmọ tó ń gbé ní Mowe lónìí, tí igbó ẹ̀yìnkùlé wọn ti di ilé, kò ní irú ìmọ̀ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ lọ wá a. Ìdí rèé tí mo fi ní ẹgbẹ́ ni kí a dá, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè dá nìkan jáde lọ wo ẹyẹ kí aládùúgbò má rò pé nǹkan ti ṣe é.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú iṣẹ́ náà gan-an.

Àwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: wọ́n á fi àáké lé ìrísí gbogbogbò jáde lára igi, orí ń bẹ níbí, ara ń bẹ níbẹ̀, kò tíì sí ojú, kò tíì sí ẹsẹ̀. Àlétúnlé tẹ̀ lé e: wọ́n á padà sórí rẹ̀ láti ya apá kúrò lára ìhà, ya ìrù kúrò lára ìdí. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ àti ṣísẹ́lì mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Fífín ló gbẹ̀yìn: ojú, ìyẹ́, ìpẹ́, àbàjà, gbogbo ohun tí ó fẹ́ ọwọ́ tó tutù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fi fífín bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ojú ẹyẹ dáadáa lórí igi tí kò tíì ní ọrùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa yọ ọrùn jáde, ojú ti wà lẹ́yìn orí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè tún un ṣe mọ́, torí igi tó ti bọ́ sílẹ̀ kò ṣeé lẹ̀ padà. Sùúrù tó wà nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí ni ẹ̀kọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lo odindi Sátidé kan lórí ọnà lílé nìkan, kó máa ráhùn.

Lórí ọ̀rọ̀ igi: àwọn baba wa máa ń gbẹ́ igi nígbà tí ó ṣì tutù, torí ó rọ̀ lábẹ́ irin. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí, wọ́n á fi aṣọ tútù tàbí ewé wé e kó má baà gbẹ lójijì, torí ìta igi máa ń yára gbẹ ju inú lọ, ìta á sún kì, inú kò ní sún, igi á sì là. Ẹ má gbẹ́ ère yí àárín gbùngbùn igi ká. Ẹ la ìtì igi sí méjì, kí ẹ lo ìlàjì kan, nítorí láti àárín yẹn ni lílà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀ dára púpọ̀, òun ni àwọn onílù ń fẹ́. Ìrókò lágbára, ikán kì í tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń yọ àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu, ó ń fa ara yíyún àti èémí tó ń há. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bo imú. Arère ni mo máa yàn fún olùbẹ̀rẹ̀. Ó funfun, ó fúyẹ́, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ láìṣe wàhálà, àwọn káfíńtà sì ń ju àkékù rẹ̀ nù lójoojúmọ́. Gmelina náà wà, igi àjèjì tí wọ́n gbìn lọ salalu nínú igbó Omo fún ilé iṣẹ́ ìwé tó wà ní Iwopin. Pákó rẹ̀ ti wà káàkiri báyìí, òun náà kò ṣòroó gbẹ́. Fún dídán, sáńpépà wà lọ́jà, àmọ́ ewé ìpín tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ìkòkò ni àwọn agbẹ́gilére ń lò látijọ́, ó sì ń hù lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ nínú yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà tí gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ lé lórí: ẹsẹ̀ ẹyẹ. Inú igi ní ìlà tó gba ibì kan lọ. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá gbẹ́ tẹ̀ lé ìlà yẹn á lágbára. Èyí tí ẹ bá gbẹ́ dábùú rẹ̀, ọmọdé á fọwọ́ kàn án, á ṣẹ́. Lékelèké tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjì gígùn, tó tún na àgógó síwájú, ó fẹ́ kí ìlà igi lọ sókè fún ẹsẹ̀, kí ó tún lọ síwájú fún àgógó, igi kan ṣoṣo kò sì lè ṣe méjèèjì. Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn àgbà. Ẹyẹ orí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, irin ni wọ́n fi rọ ọ́, àgbẹ̀dẹ ló ni ín. Àmọ́ ẹyẹ orí igi, wọ́n á jẹ́ kí ó bà, kí àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ohun tó bà lé, tàbí kí àgógó rẹ̀ kan ara ejò tó ń bá jà. Àwa tí à ń wòran rò pé ìjà nìkan ni. Agbẹ́gilére mọ̀ pé àgógó náà ti rí ohun tó gbé e dúró.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Crisfield létí omi, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì wà, Lem Ward àti Steve Ward. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí kò bá sí ẹni tó wá gẹrun, wọ́n á máa gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ọdẹ ló ń rà á: wọ́n á jẹ́ kí pẹ́pẹ́yẹ onígi máa léfòó lórí omi, pẹ́pẹ́yẹ tòótọ́ tó ń fò lọ lókè á rò pé ẹgbẹ́ òun ni, á bà, ìbọn á sì dún. Òfin kan wá jáde lọ́dún 1918 tó fòpin sí pípa ẹyẹ bẹ́ẹ̀ fún títà. Pẹ́pẹ́yẹ onígi kò parun nítorí ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fún ẹwà rẹ̀, wọ́n gbé e sínú ilé. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ àwọn Ward ní Salisbury lọ́dún 1968, nígbà tó sì di 1971 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé fún gbígbẹ́ ẹyẹ omi. Títí di òní, lára ìdíje náà ni pé wọ́n á gbé ẹyẹ náà sínú omi. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó dorí kodò, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn, kódà kí ìyẹ́ rẹ̀ dára bíi ti alààyè.

Káàkiri ibẹ̀, àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kéékèèké wà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pàdé láti gbẹ́ ẹyẹ pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á mú ìwọ̀n àgógó, wọ́n á mú ìwọ̀n ojú sí ojú, wọ́n á fi irin gbígbóná kékeré fa ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò gbà pé kí àwa náà máa ka ìyẹ́. Ó máa ń sú mi láti wo ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ tó jọ ẹyẹ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní nǹkan kan láti bá mi sọ, irú èyí tí àwọn àgbà wa á ní ó ti jọ ọ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni ojú tí wọ́n fi ń wò kí irin tó kan igi, àti ìpàdé tí kò gba kí èèyàn jẹ́ ọmọ agbẹ́gilére kó tó jókòó síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ irú ìjókòópọ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 1947, àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, dá ibi ìgbẹ́gi sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, ó pe àwọn tó mọṣẹ́ láti ilé wọn wá síbẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún ọ̀gá agbẹ́gilére ará Ọ̀sì-Ìlọrin, wà lára wọn. Ọdún 1949 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Lámídì Fákẹ́yẹ ni. Mùsùlùmí ni, láti ìdílé àwọn agbẹ́gilére, ó ń kọ́ṣẹ́ ní ọgbà àwọn Kátólíìkì, ó sì tún gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Òun kan náà ló gbẹ́ ère Odùduwà ńlá tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1987. UNESCO bọlá fún un lọ́dún 2006. Ó kú lọ́dún 2009. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé nítòsí àgọ́ àwọn onígbàgbọ́ ńlá tó wà lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tí ilé yín kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí, ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé ìsìn kò dí ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Ọmọ yín tó gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ, pẹ́pẹ́yẹ ló gbẹ́.

Ibi tí mo wá ń lọ nìyí. Mowe àti Ibafo jọ wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ifo wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́, níbi tí ojú irin ti ń gbà kọjá láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Èèyàn ń ṣí wá sí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti Èkó, ilẹ̀ ń tán, igbó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kò sí ohun tí a lè wò mọ́. Lékelèké ń tẹ̀ lé màlúù lẹ́bàá ọ̀nà lójoojúmọ́. Lóko ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹ̀gà ń jẹ irúgbìn, àwọn ọmọdé ń lé wọn. Àwòdì ń yí lókè ọjà. Igún, tó máa ń kún ibi ìpẹran, ti dọ̀wọ́n. Ọdún 2015 ni wọ́n ti kọ irú èyí tó ń gbé láàárín wa sí ìsọ̀rí àwọn tó wà nínú ewu tó ga jù. Ẹni tó bá rí i, kí ó yára yà á sínú ìwé.

Bí mo bá ní ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, pẹ́pẹ́yẹ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó wà lórí omi kò ní ẹsẹ̀ tí yóò ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìlà igi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní yọ yín lẹ́nu, ẹ sì lè fi í sínú bẹ́sìnnì omi láti dá a lẹ́jọ́ bí àwọn ará Maryland ti ń ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, alángbá. Gbogbo yín lẹ rí akọ alángbá lórí ògiri láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: níbo ni àwọ̀ ọsàn tó wà lórí rẹ̀ parí sí? Ṣé ìrù rẹ̀ láwọ̀ kan ni àbí mẹ́ta? Ẹni tí kò lè dáhùn, kí ó padà lọ jókòó síwájú ògiri. Ọ̀kẹ́rẹ́ lè jẹ́ ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà kí ẹ fi lékelèké gbìyànjú, kí ẹ sì jẹ́ kó bà.

Akika wà lọ́kàn mi pẹ̀lú, ẹranko oní-ìpẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Kò sí ẹranko tí Ọlọ́run dá fún agbẹ́gilére jù ú lọ: ó rí roboto, kò ní ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kankan tí yóò dá, ìpẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ fífín látòkè délẹ̀. Ẹ má sì tìtorí iṣẹ́ yìí rà á lọ́wọ́ ọlọ́dẹ o. Òwò akika láàárín orílẹ̀-èdè ti di èèwọ̀ pátápátá lágbàáyé láti ọdún 2017, nítorí wọ́n ń kó ìpẹ́ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Éṣíà títí ó fi fẹ́ tán. Irú ẹranko bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó nínú fíìmù àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Fún àwọn mìíràn tó jìnnà, ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà, Abẹ́òkúta. Ti Yunifásítì Ìbàdàn náà wà, láti ọdún 1948. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù, kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní géètì. Ẹni tó ya ẹranko pẹ̀lú fóònù, ó ti gbà pé òun ti rí i. Ẹni tó fi pẹ́ńsùlù yà á á mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan pé òun kò tíì rí i rárá.

Ètò rẹ̀ kò le. Ẹranko kan lóṣù kan. Sátidé àkọ́kọ́, ẹ wò ó, ẹ yà á, ẹ wọ̀n ọ́n. Sátidé kejì, ẹ fi amọ̀ mọ ọ́n, amọ̀ kò wọ́n ní àbàtà Ibafo. Sátidé méjì tó kù, igi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ẹ fún un ní ọṣẹ líle àti ọwọ́ ṣíbí, yóò gbẹ́ ẹ títí inú rẹ̀ á fi dùn. Àwọn tó dàgbà, kí wọ́n máa ti ọ̀bẹ síta kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn irin, kì í ṣe níwájú rẹ̀. Ọ̀bẹ tó kú ló ń gé èèyàn jù, torí agbára ni wọ́n fi ń tì í. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa lè fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ rọ ọ̀bẹ àti àáké kékeré tó máa pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sì jẹ́ kí ìpàdé máa yí ká, Mowe lóṣù yìí, Ibafo lóṣù tó ń bọ̀, Ifo lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà di ti ẹnì kan.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà ní iléèwé girama, ẹ̀yin ni mo ń wò láti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ ti ní àwọn ọmọ, ẹ sì ní kíláàsì tó ṣófo lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin káfíńtà wa láàárín Ibafo sí Mowe, àti ẹ̀yin tí ẹ ń la pákó ní Ifo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun àkékù arère yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kó o sínú àpò, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí òjò kò ti ní bá a, kí ẹ sì fún olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ wá béèrè.